Gíráǹtì ìwádìí ìjọba fún òwò kékeré: báwo la ṣe ń mọ èyí tó bá èrò wa mu?

OmiMímọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Omi kànga ní ọ̀pọ̀ ibi láyé ló ní fúlóráìdì ju bó ṣe yẹ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju mílígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà omi kan. Ọmọ tó bá ń mu èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ láti kékeré, eyín rẹ̀ á ní àbàwọ́n. Tó bá wá pọ̀ gan-an tó sì pẹ́, eegun ló ń bà jẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísítírì fẹ́ dá iléeṣẹ́ kékeré sílẹ̀ tí yóò máa fi èédú eegun màlúù ṣe asẹ́ omi, èyí tí ìdílé lè lò nínú ilé láìsí iná mànàmáná.

Owó ni kò sí. Wọ́n ní ìjọba máa ń fún òwò kékeré ní owó ìwádìí tí a kì í san padà. Mo wá a lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ètò ló kún ibẹ̀ bámúbámú: ti ìlera, ti àyíká, ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti sáyẹ́ǹsì, ti ọ̀dọ́, ti obìnrin. Èwo ló dára jù? Ibo ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Mo mọ̀ pé orílẹ̀-èdè yín yàtọ̀ síra, torí náà kí kálukú sọ ohun tó mọ̀ níbi tó wà.

ỌmọOníṣòwò

Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì o, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tà ná. Láti ọjọ́ tí ẹ bá fi ìwé gíráǹtì ránṣẹ́ títí dìgbà tí owó máa wọlé, ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣe asẹ́ díẹ̀, ẹ gbé e fún àwọn èèyàn lò, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn. Ẹni tó ti ní oníbàárà kò ní máa wojú ìjọba.

ÌyáLáàbù

Àbúrò mi OmiMímọ́, ẹ kú ìrònú ire. Yíyẹ ìwé àbá ìwádìí wò wà lára iṣẹ́ mi, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa tó ń kà á ń wá.

Ẹ béèrè pé èwo ló dára jù. Kò sí èyí tó dára jù. Èyí tó bá ìbéèrè yín mu ló wà. Mo sì ti ka ọ̀rọ̀ yín tán, mi ò tíì rí ìbéèrè níbẹ̀. Ọjà ni mo rí.

Owó ìwádìí kì í ṣe owó ìdókòwò. Èédú eegun kì í ṣe ohun tuntun. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ó ń fa fúlóráìdì kúrò nínú omi, wọ́n sì ti lò ó ní Kẹ́ńyà àti ní Thailand. Tí ẹ bá kọ̀wé pé ẹ fẹ́ fi èédú eegun ṣe asẹ́, ẹni tó ń kà á á ní, “Ó dára, kí wọ́n lọ yá owó ní báǹkì.” Kì í ṣe pé ó kórìíra yín. Owó tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ni wọ́n ṣe yà á sọ́tọ̀: ohun tó lè yọrí sí rere, tó sì lè forí ṣánpọ́n, tí báǹkì kò ní fẹ́ fọwọ́ kàn.

Nítorí náà, kí n tó dárúkọ ètò kankan, ẹ dá mi lóhùn: kí ni ẹ ò tíì mọ̀ nípa asẹ́ yìí, tó jẹ́ pé bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, asẹ́ náà kò ní wúlò fún ẹni tó rà á?

OmiMímọ́

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo gbé ìbéèrè yín lọ bá ọ̀rẹ́ mi, a sì jọ rò ó.

Bí èédú yẹn bá ti gba fúlóráìdì yó, kò lè gbà mọ́. Àwọn kan á dà á nù, wọ́n á ra òmíràn. Àwọn mìíràn á fi kọ́sítíìkì sódà fọ̀ ọ́ kó lè tún ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà nínú ilé tí ọmọdé ń sá kiri. Ó ń bó èèyàn lára, ó sì lè fọ́ni lójú. A ti rí ohun kan tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tó jọ pé ó ń fọ èédú náà mọ́. A ti dán an wò nínú yàrá àyẹ̀wò pẹ̀lú omi tí àwa fúnra wa po fúlóráìdì mọ́, ó sì ṣiṣẹ́.

Ohun tí a ò mọ̀ rèé. Ẹ̀ẹ̀melòó la lè fọ̀ ọ́ kí agbára rẹ̀ tó tán? Ṣé bákan náà ni yóò ṣe nínú omi kànga gidi, níbi tí àwọn èròjà mìíràn ti pọ̀? Omi tí a bá sì fi fọ̀ ọ́, tí fúlóráìdì ti kún inú rẹ̀, ibo la máa dà á sí?

ÌyáLáàbù

Ẹ̀n-ẹ́n! Ìwádìí ti dé báyìí. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: ẹ kì í tún ṣe ẹni tó fẹ́ ta asẹ́ nìkan, ẹ ti di ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá a lè fọ èédú eegun nínú ilé láìséwu. Ìyẹn ni kí ẹ gbé lọ síwájú ìjọba.

Ẹ má béèrè pé ta ló lówó lọ́wọ́. Ẹ béèrè pé ta ni ìṣòro yìí ń dùn. Ti pé ẹ̀ẹ̀melòó lẹ lè fọ̀ ọ́, ìbéèrè nípa ohun èlò ni. Àwọn àjọ tó ń náwó sórí sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lápapọ̀ ló máa ń gbọ́ irú rẹ̀. Ti omi kànga gidi, ó kan ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká àti omi, ó tún kan ti ìlera bí ẹ bá lè fi hàn pé ara àwọn èèyàn yóò yá sí i. Ti ibi tí ẹ máa da omi ìfọ̀ sí, ti àyíká ni tààrà. Ti iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ẹ dárúkọ, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lọ síbẹ̀ kìkì nítorí pé ara màlúù ni eegun ti wá. Ẹni tó ń kà á máa mọ̀ pé ẹ fa ọ̀rọ̀ náà wọ́ débẹ̀ ni.

Nǹkan kejì ni ibi tí iṣẹ́ yín dé. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní TRL, tó ń fi hàn bí ohun tuntun kan ṣe sún mọ́ àtilò tó. NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ìjọba sì ti ń lò ó báyìí. Ìpele 9 ló ní: ìpele 1 ni ti èrò tó ṣì wà lórí ìwé, ìpele 9 ni ti ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó. Ẹ̀yin ti dán tiyín wò nínú yàrá àyẹ̀wò pẹ̀lú omi tí ẹ po fúnra yín. Nǹkan bí ìpele 3 tàbí 4 nìyẹn. Ẹ wá ìpele tí ètò kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn nínú ìkéde wọn. Bí àpẹẹrẹ, EIC Accelerator ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù lè fún iléeṣẹ́ kékeré ní gíráǹtì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2.5 owó yúrò, owó tó ń wọ èèyàn lójú. Àmọ́ ohun tó ti kúrò nínú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀, torí náà iṣẹ́ yín ò tíì débẹ̀. Èèyàn lè fi oṣù púpọ̀ kọ̀wé sí irú ètò bẹ́ẹ̀ lásán.

AráAmẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ti sọ ọ́ dáadáa. Kí n fi ti ibí kún un.

Ní Amẹ́ríkà, SBIR ni orúkọ ètò yìí. Òfin ọdún 1982 ló gbé e dúró. Gbogbo àjọ ìjọba àpapọ̀ tí owó ìwádìí tó ń gbé fún àwọn ará ìta bá ti ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ lọ́dún, òfin ní kó ya ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀ fún òwò kékeré. Àjọ 11 ló wà nínú rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ló ní: ti àkọ́kọ́ wà fún mímọ̀ bóyá èrò náà ṣeé ṣe, ìkejì wà fún iṣẹ́ ìwádìí gan-an, ìkẹta sì ni gbígbé e dé ọjà, èyí tí SBIR kì í náwó sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé àwọn àjọ 11 yẹn kò ṣe é bákan náà rárá. Ilé iṣẹ́ ààbò máa ń kọ ìṣòro tiwọn sílẹ̀, wọ́n á ní ta ló lè bá wa yanjú rẹ̀. Iṣẹ́ àgbàṣe ni wọ́n sábà máa ń gbé fúnni. NSF, àjọ tó ń náwó sórí sáyẹ́ǹsì, ní tiwọn á ní kí ẹ gbé èrò tiyín wá, kó sáà jẹ́ ohun tuntun tó ní ewu ìwádìí nínú. Ìwé kúkúrú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, wọ́n ń pè é ní Project Pitch. Ẹ óò sọ ohun tó jẹ́ tuntun, ohun tí ẹ fẹ́ wádìí àti ibi tó ti le, ẹni tó máa rà á, àti irú èèyàn tí ẹ jẹ́. Tí kò bá bá wọn mu, wọ́n á ti sọ fún yín kí ẹ tó kọ ìwé ńlá. Mo fẹ́ràn ètò yẹn gan-an torí pé kì í fi àkókò ẹni ṣòfò. EPA tó ń bójú tó àyíká náà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ omi tó mọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń béèrè.

Ohun kan ṣe pàtàkì: òfin SBIR máa ń ní ọjọ́ tí yóò parí, ilé aṣòfin ló sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 gbé e dé ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án 2025. Kí ẹ tó jókòó kọ nǹkan kan, ẹ wo ìkànnì àjọ tí ẹ ń fẹ́, kí ẹ mọ̀ bóyá ìlẹ̀kùn wọn ṣí.

Ọ̀dọ́mọdé_Akọ̀wé

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó di dandan kí èèyàn ti ní iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin?

AráAmẹ́ríkà

Fún SBIR, bẹ́ẹ̀ ni. Iléeṣẹ́ tó ń ṣòwò fún èrè ni owó náà ń lọ bá, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 500 lọ. Ẹ tún ní láti forúkọ sílẹ̀ ní SAM.gov, ìkànnì ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n tó fún yín ní nọ́ńbà tí ẹ máa fi bẹ̀bẹ̀ fún owó. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ gbèdéke.

Oníṣirò

Ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa bí owó ṣe ń wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń jáde, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí òwò kékeré tó ń rì.

Kì í ṣe gbogbo gíráǹtì ló ń san gbogbo owó. Ní Ìlú Ọba níbí, bí Innovate UK, àjọ ìjọba tó ń náwó sí èrò tuntun, bá fún iléeṣẹ́ kékeré ní gíráǹtì láti mọ̀ bóyá èrò kan ṣeé ṣe, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó ni wọ́n sábà máa ń san mọ. Tó bá ti di iṣẹ́ tó sún mọ́ ọjà, ó máa ń wálẹ̀ sí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù, ẹ̀yin lẹ máa wá a. Ẹ̀yin náà lẹ sì máa kọ́kọ́ ná owó kí wọ́n tó dá a padà fún yín, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nígbà tí ẹ bá fi ìwé ìnáwó hàn. Iléeṣẹ́ tí kò ní kọ́bọ̀ nílẹ̀ lè gba lẹ́tà ìkíni kú oríire, kó má sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sanwó sí kí ẹ tó ka iye owó.

Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ Contracts for Innovation, tí wọ́n ń pè ní SBRI tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ àgbàṣe ni, kì í ṣe gíráǹtì. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ní ìṣòro á kéde rẹ̀, á sì san gbogbo owó iṣẹ́ ìwádìí náà. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ tó jẹ mọ́ omi, òun ni mo máa kọ́kọ́ dojú kọ bí mo bá wà nípò yín.

Ohun tí kò yàtọ̀ níbikíbi: owó tí ẹ bá ná ṣáájú ọjọ́ tí lẹ́tà wọn ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sábà dá a padà. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un ní báǹkì. Kí kálukú máa kọ wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àyẹ̀wò ìwé owó lè dé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, ẹni tí kò ní ìwé á sì dá owó padà.

ỌmọOníṣòwò

Ó yé mi báyìí ìdí tí ẹ fi ní kí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ fífọ̀ náà ṣáájú. Mo ṣì dúró lórí èyí tí mo sọ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn tó máa lò ó, torí ìbéèrè kan wà tí yàrá àyẹ̀wò kò lè dáhùn: ṣé àwọn èèyàn á gbà láti mu omi tó gba inú eegun kọjá? Ẹ̀sìn kan kò fẹ́ eegun màlúù, òmíràn kò fẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, ẹlòmíì kò sì jẹ ẹran rárá.

ÌyáLáàbù

Òótọ́ ni, mo sì dúpẹ́ pé ẹ gbé e kalẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò máa béèrè rẹ̀. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àjọ omi tàbí ilé ìwòsàn kan tó sọ pé àwọn ṣe tán láti dán asẹ́ náà wò lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn lágbára ju ojú ewé mẹ́wàá tí ẹ fi yin ara yín lọ. Nínú ohun tí ẹ ní kí ìjọba náwó sí, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún bíbéèrè lọ́wọ́ àwọn ìdílé.

Olùkọ́_Kẹ́mísítírì

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Níbi tí ìjọba kò bá ní owó ìwádìí fún òwò kékeré, ó lè ní in fún ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nàìjíríà jẹ́ àpẹẹrẹ: owó ìwádìí TETFund, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ló wà fún. Iléeṣẹ́ yín kò lè dá bẹ̀bẹ̀ fún un, àmọ́ ẹ lè wá olùkọ́ tó mọ̀ nípa omi kí ẹ jọ ṣe é. Amẹ́ríkà náà ní ètò kan tó ń jẹ́ STTR, níbi tí iléeṣẹ́ kékeré ti gbọ́dọ̀ ṣe ó kéré tán ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́, kí ilé ìwádìí tí wọ́n jọ ń ṣe é sì ṣe ó kéré tán ìdá 30.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé èédú yín wọ yàrá àyẹ̀wò ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì fọwọ́ sí i: ta ló ni ohun tí a bá rí? Ẹ má sì ṣe sọ ohun tí ẹ fi ń fọ èédú náà ní gbangba. Ní Yúróòpù, ohun tí ẹ bá ti tú síta kí ẹ tó fi ìwé pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun tí ẹ ṣe, sílẹ̀, ẹ̀tọ́ yín lórí rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Amẹ́ríkà ṣì ń fúnni ní ọdún kan, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e. Mo mọrírì rẹ̀ pé ẹ kò dárúkọ rẹ̀ níbí.

Alóre

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa pè yín pé ìjọba ti fún yín ní gíráǹtì, kí ẹ sáà san owó ìwé. Ìjọba kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fún lówó. Àwọn amọṣẹ́ tó ń bá èèyàn kọ ìwé àbá wà lóòótọ́, wọ́n sì wúlò, àmọ́ ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé dandan ni kí ẹ rí i gbà, ẹ sá fún un.

AráAmẹ́ríkà

Mo gbàgbé ohun tó wúlò jù. Ẹ lọ wo àwọn tí wọ́n ti fún lówó. Gbangba ló wà: SBIR.gov ní ti àwọn iléeṣẹ́ kékeré, NIH RePORTER ní ti ìlera, Ìlú Ọba ní Gateway to Research, Yúróòpù ní CORDIS. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ bíi fúlóráìdì, omi mímu, èédú eegun síbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ó rí àjọ tó sanwó, iye tó san, ọdún tó san án, àti àkótán iṣẹ́ náà. Níbẹ̀ lẹ ó ti mọ ẹni tí ìṣòro yìí ń dùn, bí ẹ̀gbọ́n wa ṣe wí. Ẹ ó sì mọ̀ bóyá ẹnìkan ti gba owó lórí ìbéèrè yín gan-an, kí ẹ lè sọ ibi tí tiyín ti yàtọ̀.

OmiMímọ́

Ọpẹ́ yín pọ̀. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àkójọ yẹn. Iṣẹ́ lórí yíyọ fúlóráìdì kúrò nínú omi wà níbẹ̀ dáadáa. Lórí fífọ èédú eegun nínú ilé láìlo kọ́sítíìkì sódà, a ò tíì rí ìkankan. Ojú ìwé kan ṣoṣo la fẹ́ kọ báyìí: ìbéèrè wa, ohun tí a ti rí nínú yàrá àyẹ̀wò, àti ohun tí a fẹ́ fi owó náà mọ̀.

Mà, ṣé a lè fi ránṣẹ́ sí àjọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti àyíká àti ti sáyẹ́ǹsì?

ÌyáLáàbù

Bí ìbéèrè lásán ni, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Orúkọ òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ètò máa ń wà nínú ìkéde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún yín bóyá ó bá tiwọn mu. Ẹ kọ ọ́ ní ṣókí, ẹ béèrè pé: “Ṣé irú ìbéèrè yìí wà lára ohun tí ẹ ń náwó sí?” Bó bá ní rárá, ẹ bi í pé ta ni kí ẹ lọ bá. Níbi tó bá jẹ́ iṣẹ́ àgbàṣe, ẹ tètè ṣe é, nítorí tí wọ́n bá ti ṣí ìkéde náà, ó lè má ṣeé ṣe fún un láti bá yín sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́ mọ́.

Ìwé àbá gan-an ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ètò gbà kí ẹ fi sí ibi méjì, bí ẹ bá ti sọ ọ́ nínú ìwé méjèèjì pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó lòdì sófin ni kí ẹ gba owó lẹ́ẹ̀mejì fún iṣẹ́ kan náà.

Bí ẹ bá ti kọ ojú ìwé kan yẹn tán, ẹ gbé e síbí ká bá yín wò ó. Ẹ kọ́kọ́ yọ orúkọ ohun tí ẹ fi ń fọ èédú kúrò nínú rẹ̀.